Bí Ewéko Bá Ń Rọ, Ẹ Wo Gbòǹgbò Kí Ẹ Tó Bomi Sí I

  

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lónìí kì í ṣe àjèjì sí yín. Ẹ kúrò lóko láàárọ̀, tòmátì dúró ṣánṣán. Ẹ padà dé lọ́sàn-án, ó ti sorí kọ́, ewé rẹ̀ rọ wọlẹ̀ bí aṣọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. Kí ni ọ̀pọ̀ nínú wa máa ń ṣe? A ó sáré gbé agolo ìbomirin. A ó ní, "Òùngbẹ ló ń gbẹ ẹ́." Nígbà mìíràn, òótọ́ ni. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, omi tí a gbé wá yẹn gan-an ni yóò pa á.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ àṣìṣe tèmi fún yín. Ní ọdún tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní kọ́lẹ́ẹ̀jì iṣẹ́ àgbẹ̀, màmá kan tí wọ́n ń dáko ní àkùrọ̀ ránṣẹ́ pè mí. Owó àjọ ni wọ́n fi ra irúgbìn tòmátì, wọ́n sì ti gbìn ín sórí bẹ́ẹ̀dì mẹ́fà. Nǹkan bí igi mẹ́wàá ti rọ lórí bẹ́ẹ̀dì kan. Mi ò fa ọ̀kankan tu. Mi ò wo gbòǹgbò. Mi ò tilẹ̀ fọwọ́ kan ilẹ̀. Mo kàn ní, "Màmá, omi ni kò tó. Ẹ máa bomi rin ín láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́." Wọ́n gbà mí gbọ́ nítorí pé mo ka ìwé. Wọ́n ń pọnmi, omi náà sì ń ṣàn láti ìdí èyí tó rọ lọ sí ìdí èyí tí kò tíì rọ. Kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé, bẹ́ẹ̀dì mẹ́rin nínú mẹ́fà ti lọ.

Nígbà tí ọ̀gá mi dé oko náà, ó gé igi tòmátì kan, ó sì tọrọ ife dígí àti omi tó mọ́. Kò tó ìṣẹ́jú márùn-ún tí ohun funfun bíi wàrà fi ń sun jáde láti ojú ibi tó gé. Àrùn bakitéríà ni. Omi tí mo ní kí wọ́n máa bù sí i ló gbé àrùn náà kiri. Màmá wò mí, wọ́n ní, "Ọmọ mi, ṣebí ìwọ lo ní kí n máa bomi sí i." Mi ò rí èsì fọ̀. Mo dọ̀bálẹ̀ ni.

Láti ọjọ́ náà, ohun kan ni mo máa ń sọ fún àgbẹ̀ yòówù tó bá pè mí: ẹ wo gbòǹgbò kí ẹ tó bomi sí i.

KÍ LÓ Ń MÚ EWÉ DÚRÓ?

Ewé kò ní egungun. Omi ló ń mú un nà. Ẹ wo ọ̀rá píọ̀ wọ́tà. Bí omi bá kún inú rẹ̀, ó le. Bí a bá fa ìdajì mu, ó rọ̀ jọ̀bọ̀tọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ewé rí.

Gbòǹgbò ló ń fa omi láti inú ilẹ̀. Omi náà ń gba inú igi gòkè nínú àwọn ihò tẹ́ẹ́rẹ́ tó dà bíi páìpù, títí yóò fi dé ewé. Ewé ní àwọn ihò kéékèèké tí ojú wa kò lè rí, ibẹ̀ ni omi ń gbà jáde sínú afẹ́fẹ́. Nínú 100 lítà omi tí gbòǹgbò bá fà, ó ju 90 lítà lọ tó ń gba ojú ewé jáde lọ. Ìwọ̀nba díẹ̀ ni igi fi ń dàgbà.

Nítorí náà, ewéko máa ń rọ nígbà tí omi tó ń jáde lójú ewé bá ju èyí tó ń wọlé láti ìdí lọ. Ibi mẹ́ta ni wàhálà ti lè wá:

(1) Omi kò sí nínú ilẹ̀.
(2) Omi wà nínú ilẹ̀, ṣùgbọ́n gbòǹgbò kò lè fà á.
(3) Gbòǹgbò ń fa omi, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí omi ń gbà gòkè ti dí.

Ẹ fiyè sí i o: ti àkọ́kọ́ nìkan ni omi bíbù ń wò sàn. Ẹni tó bá ń bomi sí méjì tó kù ń fi agbára ṣòfò, ó sì lè máa ba oko jẹ́.

ÀYẸ̀WÒ MẸ́RIN TÍ KÒ NÁNI LÓWÓ

Kí ẹ tó ṣe ohunkóhun, ẹ ṣe àyẹ̀wò mẹ́rin yìí ní títẹ̀léra.

Èkíní, ẹ padà wò ó ní ìdájí, kí oòrùn tó yọ. Ewé ùgú, ẹ̀fọ́ ìgbá àti kùkúmbà máa ń sorí kọ́ lọ́sàn-án gangan bí oòrùn bá mú, wọ́n á sì jí padà bí ilẹ̀ bá tutù. Èyí kì í ṣe àrùn. Ṣùgbọ́n bí ó bá ṣì rọ ní ìdájí, ọ̀rọ̀ ti wà níbẹ̀.

Èkejì, ẹ ti ìka bọ ilẹ̀ ní ìdí rẹ̀ títí dé oríkèé kejì. Ẹ má fi ojú ilẹ̀ nìkan ṣe ìdájọ́, nítorí òkè lè gbẹ kí ìsàlẹ̀ tutù. Bí ìka yín bá jáde ní gbígbẹ, òùngbẹ ni. Bí ó bá jáde pẹ̀lú ẹrọ̀fọ̀, ẹ gbé agolo yín sílẹ̀.

Ẹ̀kẹta, ẹ fi ọkọ́ wa igi kan tó ń rọ jáde pẹ̀lú gbòǹgbò rẹ̀. Ẹ má fi agbára fà á, kí gbòǹgbò má bàa já sínú ilẹ̀. Ẹ fi omi ṣan erùpẹ̀ kúrò. Gbòǹgbò tó dá ṣáṣá máa ń funfun, ó sì máa ń le. Ṣé tiyín ti dúdú ni? Ṣé ó ń yọ̀, ó ń rùn? Ṣé kókó wà lára rẹ̀?

Ẹ̀kẹrin, ẹ gé igi náà ní ìsàlẹ̀, kí ó gùn tó ìka kan. Ẹ wo inú rẹ̀ bóyá ó ti pọ́n bí ìpẹtà. Lẹ́yìn náà, ẹ fi okùn so ó rọ̀ sínú ife dígí tí omi mímọ́ wà nínú rẹ̀, kí ojú ibi tí ẹ gé kan omi. Ẹ má mì í. Ẹ dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́ta sí márùn-ún. Bí okùn funfun tẹ́ẹ́rẹ́ bíi wàrà bá ń sun wá sílẹ̀, àrùn bakitéríà ti wọ oko.

Owó àyẹ̀wò yìí kò ju igi kan lọ. Ó sàn kí igi kan kú ju kí bẹ́ẹ̀dì mẹ́rin lọ.

BÍ Ó BÁ JẸ́ ÒÙNGBẸ

Ẹ bomi rin ín láàárọ̀ kùtùkùtù. Ẹ jẹ́ kí omi wọlẹ̀ dáadáa. Ẹni tó ń wọ́n omi díẹ̀díẹ̀ sójú ilẹ̀ lójoojúmọ́ ń kọ́ gbòǹgbò láti dúró lókè níbi tí oòrùn ti ń jó o. Bí omi bá wọlẹ̀ jìn, gbòǹgbò náà yóò tẹ̀ lé e lọ sísàlẹ̀.

Ẹ fi koríko gbígbẹ bo ìdí ohun ọ̀gbìn, kí omi má bàa tètè gbẹ. Ẹ má jẹ́ kí ó fara kan igi. Bí ẹ bá ń lọ́ tòmátì tàbí ata láti ibi ìtọ́jú irúgbìn, ẹ ṣe é nírọ̀lẹ́, kí ẹ sì fi imọ̀ ọ̀pẹ ṣíji bò ó fún ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́rin, nítorí gbòǹgbò rẹ̀ ti já, kò tíì lè fa omi tó.

BÍ OMI BÁ PỌ̀JÙ

Àwa tí a wà létí odò, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka ibí yìí dáadáa. Gbòǹgbò náà ń mí. Àárín erùpẹ̀ ni afẹ́fẹ́ tó ń mí wà. Bí omi bá kún ibẹ̀, kò sí àyè fún afẹ́fẹ́ mọ́, gbòǹgbò yóò kú, kò sì ní lè fa omi. Igi yóò wà nínú omi, òùngbẹ yóò sì máa pa á. Tòmátì kò fara dà á rárá: bí omi bá dúró sí ìdí rẹ̀ fún wákàtí 24 sí 48, tí oòrùn sì tún jáde, ẹ ó rí i pé ó ti rọ.

Odò Ògùn ló ń gbé omi òkè wá bá wa. Dáàmù Ọ̀yán tí wọ́n ṣí ní ọdún 1983 wà lórí odò tó ń ṣàn wọ inú rẹ̀. Bí dáàmù bá kún, wọ́n á tú omi sílẹ̀, ìsàlẹ̀ odò ló sì ń gbà á. Ẹ rántí Oṣù Kẹwàá ọdún 2010, nígbà tí omi bo ilé àti oko ní Ajegunle lójú ọ̀nà Ìkòròdú àti ní àwọn àdúgbò etí odò ní Kosofe. Oṣù Kẹsàn-án àti Ìkẹwàá ni kí ojú wa máa wà lára odò.

Ohun tí ẹ ó ṣe nìyí:

(a) Ẹ gbé bẹ́ẹ̀dì ga tó ẹsẹ̀ bàtà kan, kí ó fẹ̀ tó mítà kan, kí ẹ sì la gọ́tà sáàárín wọn kí omi lè rí ọ̀nà jáde.

(b) Ní ibi tí odò máa ń gbà, ẹ má fi tòmátì àti ata dúró de Oṣù Kẹsàn-án. Ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ tó ń tó fà láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà ló yẹ níbẹ̀ kí omi tó dé. Bí omi bá ti fà, tí ilẹ̀ sì ti gbẹ díẹ̀, ẹ wá gbin tòmátì yín.

(d) Bí omi bá ti wọ oko, ẹ lànà fún un kíákíá. Ẹ má bomi, ẹ má da yúríà sí ìdí igi tí gbòǹgbò rẹ̀ ń ṣàìsàn. Ẹ má tẹ orí bẹ́ẹ̀dì títí yóò fi gbẹ.

(e) Ewé tí omi ẹ̀kún bo mọ́lẹ̀, ẹ má kó o lọ sọ́jà, ẹ má sì jẹ ẹ́. Omi náà ti gba inú ṣáláńgá àti ààtàn kọjá.

IYỌ̀ ÀTI AJÍLẸ̀ ÀPỌ̀JÙ

Gbogbo wa la mọ ohun tí iyọ̀ ń ṣe fún ìgbín. Bí a bá bu iyọ̀ sí i lára, gbogbo omi ara rẹ̀ ni yóò fà jáde. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni iyọ̀ inú ilẹ̀ ṣe ń ṣe gbòǹgbò.

Ọ̀nà méjì ni iyọ̀ ń gbà wọ oko wa. Ti àkọ́kọ́ ni omi. Nígbà òjò, omi odò máa ń pọ̀, ó sì ń lé omi iyọ̀ sẹ́yìn. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, omi odò dín kù, omi òkun á sì wọ inú ọ̀sà. Ẹ̀yin tí ẹ ń pọn omi ọ̀sà tàbí ti ẹ̀ka rẹ̀ bomi rin ẹ̀fọ́ láàárín Oṣù Kejì sí Ìkẹrin, ẹ máa wo ojú bẹ́ẹ̀dì yín. Bí ó bá ní ìpele funfun bí èérún iyọ̀, tí etí ewé sì ń jó, ẹ yípadà sí omi kànga. Bí kò bá sí kànga, ẹ pọn omi nígbà tí omi bá ti fà, ẹ má pọn ọ́n nígbà tó bá kún.

Ọ̀nà kejì ni ọwọ́ àwa fúnra wa. Yúríà àti N.P.K. jẹ́ iyọ̀ lọ́nà tiwọn. Bí ẹ bá da ẹ̀kúnwọ́ sí ìdí igi, ó ń fa omi kúrò lára gbòǹgbò. Ẹ fi wọ́n ọn yí igi ká, kí ó jìnnà sí i tó ìbú ọwọ́ kan, kí ilẹ̀ sì ti tutù kí ẹ tó fi sí i. Ìgbẹ́ adìẹ tútù náà ń jó gbòǹgbò. Ẹ kó o jọ síbòji, ẹ bò ó, kí ẹ máa yí i po, títí yóò fi jẹrà tí kò ní gbóná mọ́ bí ẹ bá ti ọwọ́ bọ̀ ọ́.

ÀRÙN TÓ Ń DÍ Ọ̀NÀ OMI

Èyí tó pa oko màmá nìyí. Kòkòrò àìrí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Ralstonia solanacearum ló fà á. Ó ń gbé inú ilẹ̀, ó ń gba ojú egbò wọ gbòǹgbò, ó sì ń pọ̀ sí i títí yóò fi dí àwọn páìpù inú igi. Àmì rẹ̀ ni pé ewé máa ń rọ nígbà tó ṣì tutù yọ̀yọ̀, igi á sì kú láàárín ọjọ́ díẹ̀. Àyẹ̀wò ife dígí ló ń tú àṣírí rẹ̀.

Onímọ̀ ará Amẹ́ríkà kan, Erwin F. Smith, ló ṣe àpèjúwe rẹ̀ ní ọdún 1896. Láti ìgbà náà wá, kò sí oògùn tí a lè fọ́n sí igi tó ti mú tí yóò sàn. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ ta oògùn rẹ̀ fún yín, ẹ di owó yín mú.

Àrùn mìíràn tún wà tó jẹ́ ti ìran olú, tí ojú lásán kò lè rí. Tirẹ̀ kì í yára. Ewé ìsàlẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ pọ́n bí ẹyin, nígbà mìíràn ní apá kan igi nìkan. Bí ẹ bá gé igi náà, inú rẹ̀ á ti pọ́n, ṣùgbọ́n wàrà kò ní sun nínú ife. Òmíràn máa ń hù bí òwú funfun sí ìdí igi, tí wóró kéékèèké bí irúgbìn ẹ̀fọ́ sì wà lára rẹ̀.

Ìtọ́jú gbogbo wọn fara jọra:

(1) Ẹ wa igi tó rọ jáde pẹ̀lú erùpẹ̀ ìdí rẹ̀. Ẹ kó o sínú àpò, kí ẹ lọ sun ún tàbí kí ẹ rì í mọ́lẹ̀ jìnnà sí oko. Ẹ má sọ ọ́ sínú gọ́tà tàbí odò, kí ó má bàa di ti aládùúgbò yín.

(2) Ẹ má jẹ́ kí omi ṣàn láti bẹ́ẹ̀dì tó ń ṣàìsàn lọ sórí èyí tó yá.

(3) Bẹ́ẹ̀dì tó yá ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀. Bí ẹ bá kúrò lórí èyí tó ń ṣàìsàn, ẹ fi ọṣẹ fọ ọkọ́, àdá, bàtà àti ọwọ́ yín.

(4) Tòmátì, ata, ikàn àti ẹ̀fọ́ ìgbá, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n. Àrùn ọ̀kan ni àrùn gbogbo wọn. Ẹ má gbin ọ̀kankan nínú wọn síbẹ̀ fún ọdún méjì sí mẹ́ta. Ẹ gbin àgbàdo, ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ tàbí àlùbọ́sà.

Àwọn ará ìlú òkèèrè náà ti jà á. Ní Taiwan, ibùdó ìwádìí ẹ̀fọ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1971, tó ń jẹ́ World Vegetable Center lónìí, kọ́ àgbẹ̀ láti gé orí ọ̀dọ́ tòmátì kí wọ́n sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìdí ọ̀dọ́ ikàn. Irú ikàn kan tí wọ́n ń pè ní EG203 lágbára lórí àrùn yìí, ó sì ń fara da omi àpọ̀jù. Gbòǹgbò ikàn, èso tòmátì. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ọwọ́ yín yá, ẹ lè fi igi díẹ̀ dán irú iṣẹ́ yìí wò. Ẹ tún lè béèrè irúgbìn tó yẹ ilẹ̀ wa lọ́wọ́ NIHORT, ilé-iṣẹ́ ìwádìí èso àti ẹ̀fọ́ tó wà ní Ìbàdàn láti ọdún 1975.

ARÀN INÚ ILẸ̀ ÀTI KÒKÒRÒ INÚ IGI

Bí gbòǹgbò bá ní kókó wúruwùru bí ìlẹ̀kẹ̀, aràn tíntìntín tí wọ́n ń pè ní nẹmatóòdù ti wọ̀ ọ́. Ṣọkọ, ewédú, ilá àti tòmátì ni ó fẹ́ràn. Ohun ọ̀gbìn náà á kúrú, á pọ́n, á sì máa rọ lọ́sàn-án bí omi tilẹ̀ wà. Ẹ má ṣì í mú fún kókó ara gbòǹgbò ẹ̀wà o. Ti ẹ̀wà dára, ó sì ń bọ́ bí a bá fi èékánná họ ọ́. Ti aràn kì í bọ́, nítorí gbòǹgbò fúnra rẹ̀ ló wú.

Bí ẹ bá kórè tán, ẹ hú gbòǹgbò kúrò nílẹ̀, ẹ sun ún. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ yí ilẹ̀ po kí oòrùn lè pa á lára fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà. Ẹ po ìgbẹ́ adìẹ tó ti jẹrà àti ewé dóńgóyárò mọ́ ilẹ̀ kí ẹ tó gbìn.

Ní ti tẹ̀tẹ̀, bí ẹyọ kan bá rọ láàárín ọ̀pọ̀ tó yá, ẹ la igi rẹ̀. Ẹ lè bá ìdin funfun tó ń gbẹ́ inú rẹ̀. Ẹ fà á tu, ẹ sun ún, ẹ má sì fi pòròpórò ẹ̀fọ́ àtijọ́ sílẹ̀ lóko.

Kì í ṣe gbogbo ewé tó gbẹ náà ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ wá láti ìdí. Ní ọdún 2016 tí tòmátì wọ́n gógó ní Mile 12, kòkòrò Tuta absoluta ló ba oko jẹ́ ní Kaduna àti àwọn ìpínlẹ̀ òkè ọya mìíràn. Inú ewé ni ìdin rẹ̀ ń jẹ, ewé á dà bí èyí tí iná jó. Ẹ rí i pé bí a kò bá wò ó dáadáa, oògùn ọ̀tọ̀ la ó rà fún àrùn ọ̀tọ̀.

Ẹ JẸ́ KÍ Á RÁNTÍ

Wò ó ní ìdájí. Ti ìka bọ ilẹ̀. Wo gbòǹgbò. Gbé e sínú ife omi. Ẹ̀yìn èyí ni kí á tó mọ̀ bóyá omi ló fẹ́, tàbí ọ̀nà tí omi yóò gbà jáde, tàbí kí á wa á kúrò kí ó má bàa kó ran ìyókù.

Bí ọ̀rọ̀ bá rú yín lójú, ẹ pe òṣìṣẹ́ tó ń gba àgbẹ̀ nímọ̀ràn ní àdúgbò yín. Ẹ kó igi kan tó rọ fún un nínú ọ̀rá pẹ̀lú gbòǹgbò àti erùpẹ̀ rẹ̀. Bí òṣìṣẹ́ náà bá sì ní kí ẹ lọ bomi láì wo gbòǹgbò, bó tilẹ̀ jẹ́ èmi ni, ẹ ní kí ó kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí ó wò ó.

Màmá yẹn ṣì ń dáko. Àgbàdo àti tẹ̀tẹ̀ ni wọ́n gbìn sórí bẹ́ẹ̀dì mẹ́rin yẹn lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Ife dígí kan wà ní abà wọn báyìí tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi mumi. Wọ́n ní ti tòmátì ni.

A kò ní fọwọ́ òfo kúrò lóko o. Ó di ìgbà kan ná.